Ẹ Má Da Iṣu Jíjẹ Pọ̀ Mọ́ Èèbù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀bi tèmi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òní, nítorí ẹni tí ó ti ṣubú rí ni ó mọ ibi tí kòtò wà.

Ní ọdún 2022, èmi ni mo ń kọ orúkọ àwọn tí wọ́n dá owó ìrànlọ́wọ́ ìsìnkú ní àdúgbò wa. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ ọ́ sí. Ní ọjọ́ kan, mo ṣí fèrèsé tí ó tó mẹ́wàá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé orúkọ ti ọdún tí ó kọjá wà nínú ọ̀kan, ti ọdún titun wà nínú èkejì, orúkọ kan náà ni mo sì fún fáìlì méjèèjì. Mo rò pé ti ọdún titun ni mo ń wò. Mo pa orúkọ àwọn kan rẹ́, mo kọ ti àwọn ẹlòmíràn sí i, mo sì tẹ Save. Bí ìwé àtijọ́ ṣe bàjẹ́ nìyẹn, n kò sì fura.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wá béèrè owó. A wo inú kọ̀ǹpútà títí, a kò rí orúkọ olóògbé. Obìnrin náà kò bú wa. Ó kàn ń wò wá ni. Nígbà tí a fi rí rìsíìtì ọkọ rẹ̀ nínú àpò akápò, àdúrà ọjọ́ kẹjọ ti kọjá, ó sì ti yá owó ná.

Bóyá ẹ óò wí pé ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé ni èyí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọdún 2011 ni Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́, tí ó sì ní ọgbà kejì ní Ìkọ̀lé. Ilé-ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó. Láti ọdún 2015, orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo ọmọ wa ti ń ṣe ìdánwò JAMB. Kò sí ilé tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mọ́.

Kí ni fèrèsé kọ̀ǹpútà? Àpótí onígun mẹ́rin ni, tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń hàn nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 1968, ọ̀gbẹ́ni Douglas Engelbart fi máúsì han àwọn ènìyàn ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Xerox gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó ní àwòrán ìwé àti fódà lójú rẹ̀, bí ẹni pé tábìlì akọ̀wé ni a ń wò. Nígbà tí Microsoft gbé Windows àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1985, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni àwọn fèrèsé rẹ̀ ń wà. Ọ̀kan kò lè gun orí èkejì. Ní ọdún 1987 ni wọ́n fún wọn ní àyè láti gun ara wọn. Èyí dára, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lókè bẹ̀rẹ̀ sí bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ni Windows ti ọdún 1995 ṣe ní ọ̀já ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ gbogbo ohun tí a ṣí wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà.

Èkíní, ẹ di bọ́tìnì Alt mú, kí ẹ sì tẹ Tab. Gbogbo fèrèsé tí ẹ ṣí yóò hàn, ẹ óò sì mú èyí tí ẹ fẹ́.

Èkejì, bí ẹ bá ń fi ìwé méjì wé ara wọn, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú ọfà òsì. Fèrèsé náà yóò gba ìdajì ojú kọ̀ǹpútà. Kí ẹ ṣe èkejì bákan náà pẹ̀lú ọfà ọ̀tún. Ká ní mo mọ èyí ní ọjọ́ náà ni, ojú mi ì bá rí ọdún méjèèjì pọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tí ó yé ènìyàn. Kí ẹ kọ ọdún ṣáájú, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ kẹ́yìn, báyìí: 2024-03-12. Láti iwájú orúkọ ni ẹ̀rọ ti ń tò wọ́n. Bí ọjọ́ bá ṣáájú, oṣù Kẹta àti oṣù Kejìlá yóò dàpọ̀. Ẹ má fi igi dídàgẹ̀rẹ̀ pín ọjọ́ níyà, nítorí Windows kì í gbà á nínú orúkọ fáìlì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ṣe fódà fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Àgbẹ̀ wa kì í kó iṣu jíjẹ pọ̀ mọ́ èèbù, kí ó má baà jẹ ohun tí yóò gbìn. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé àtijọ́, ẹ lo Save As, kí ẹ sì fún un ní orúkọ titun.

Ẹ̀karùn-ún, ohun tí a bá parẹ́ nínú kọ̀ǹpútà sábà máa ń lọ sí Recycle Bin, a sì lè gbà á padà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí a bá parẹ́ lórí fláàṣì kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní ẹ̀dà mìíràn ní ibòmíràn, nítorí olè àti nítorí iná tí ń lọ lójijì.

Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá yẹn, ó sì ti dárí jì mí. Títí di òní, kí n tó tẹ Save, mo máa ń ka orúkọ tí ó wà lókè fèrèsé sókè ketekete. Àwọn ọmọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rín in.