Òfin ọ̀rá l'Ékòó: ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àtẹ aláta Agboju

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde pé ọ̀rá ìtajà tí kò bá nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù di èèwọ̀. Ìkéde náà kan àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Festac àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ó sì kan ìyá tó ń ta ata ní Agboju. Àmọ́ ọwọ́ òfin kò tó àwọn méjèèjì bákan náà. Súpámákẹ́ẹ̀tì ní ilẹ̀kùn, ó ní máníjà, ó ní pátákó tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí; bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹ́ tì í pa, wọ́n mọ ibi tí wọn yóò fi kọ́kọ́rọ́ sí. Ohun tí ìyá aláta ní kò ju àtẹ, agbòjò àti ìdì ọ̀rá dúdú tó so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ibi tó ti rọrùn láti mú òfin yìí ṣẹ kọ́ ni ọ̀rá ti ń jáde jù.

Kí ni máíkírọ́ọ̀nù gan-an? Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni. Fọ́nrán irun orí ènìyàn sábà máa ń tó nǹkan bíi 70, nítorí náà ọ̀rá tí òfin Èkó fàyè gbà pàápàá lè fẹ́lẹ́ ju irun lọ. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá dúdú tí wọ́n fi ń di ọjà fún wa kò tó ìdajì 40 yẹn. Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ sì lè tan ènìyàn jẹ, torí pé ọ̀rá tó ń dún ṣáráṣárá, tó dà bíi pé ó le, sábà máa ń fẹ́lẹ́ ju èyí tó rọ̀ lọ. Irinṣẹ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kò sí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ aláta, kò sì sí lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀.

Ìdí tí òfin fi mú ìnípọn ṣe òṣùwọ̀n kò le láti mọ̀ bí a bá ṣírò rẹ̀. Ọ̀rá tó gùn ní 50 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 30, tó sì nípọn ní 15 máíkírọ́ọ̀nù, kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù mẹ́rin lọ. Kìlò ni àwọn tó ń ṣa ike fi ń tà á. Kí ẹni tó ń ti ọmọlanke káàkiri àwọn òpópónà Festac tó rí kìlò kan, ó gbọ́dọ̀ ṣa nǹkan bíi 240 irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ jọ, pẹ̀lú omi ẹja àti ata tó ti yí i lára. Ìgò ike omi tí kò tó ọgọ́rùn-ún ti pé kìlò kan. Ta ni yóò tẹ̀ ba nítorí ọ̀rá? Ìdí nìyí tí ìgò fi ń tètè kúrò nílẹ̀ tí ọ̀rá sì ń kù síbẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gbé e, tí àgbàrá ń wọ́ ọ lọ. Bí ọ̀rá kan náà bá nípọn tó 40, yóò wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 11, 90 rẹ̀ yóò sì pé kìlò. Ó yá a ṣà, ó ṣeé lò lẹ́ẹ̀kejì, kì í sì í tètè fò.

Ewu kan wà nínú ìṣirò kan náà, mo sì rò pé a kò sọ ọ́ tó. Ọ̀rá 40 ní ike nínú ju ìlọ́po méjì àbọ̀ ti ọ̀rá 15 lọ. Bí a bá lò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí a jù ú nù, ike tí a dà sílẹ̀ ti pọ̀ sí i nìyẹn. Ó ṣẹlẹ̀ ní California, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣòfin ní 2014 láti lé ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò níbi ìsanwó, àwọn olùdìbò sì fọwọ́ sí i ní 2016. Àwọn ṣọ́ọ̀bù wá ń ta ọ̀rá tó nípọn, tí wọ́n ní ó ṣeé lò léraléra, àwọn ènìyàn sì ń jù ú nù bí wọ́n ti ń ju ti àtijọ́. Ní 2024 ni wọ́n tún ṣe òfin mìíràn pé kí gbogbo ọ̀rá ike kúrò níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ 2026. Ọdún mẹ́wàá ni àṣìṣe yẹn gbà wọ́n.

Kí ló mú ọ̀rọ̀ yìí ká àwa ará Festac lára ju ti àwọn tó ń gbé lórí òkè lọ? Ilẹ̀ ni. Àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, FESTAC '77, tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977, ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ìlú náà fún. Ilé tó lé ní 5,000 ni wọ́n kọ́, wọ́n sì fi ìbò pín in fún àwọn ará ìlú lẹ́yìn àjọ̀dún. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, ó tẹ́jú, àbàtà àti ọ̀sà ló yí i ká. Àwọn tó ya àwòrán ìlú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì la gọ́tà àti ojú omi tí yóò máa kó òjò lọ sínú ọ̀sà.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, omi kì í sáré. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagun, àgbàrá lágbára láti ti ìdọ̀tí síwájú. Ní Festac, ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ ló fi ń rìn, ohun kékeré sì lè dá a dúró. Ọ̀rá kì í di gọ́tà pa lọ́jọ́ kan. Ọ̀kan á tẹ́ pẹrẹsẹ bo irin ojú gọ́tà, iyanrìn á dúró sẹ́yìn rẹ̀, òmíràn á wá lẹ̀ mọ́ ọn, ewé àti ìgò á bá wọn níbẹ̀. Lẹ́yìn òjò mélòó kan, gọ́tà tó jìn tó orókún ti di èyí tí kò jìn ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Òjò tó bá rọ̀ lẹ́yìn náà á wá ọ̀nà ilé wa. Omi tó bá dúró nínú ìṣẹ́po ọ̀rá pàápàá tó fún ẹ̀fọn láti yé ẹyin sí.

Èyí tó bá rí ààyè kọjá á dé ọ̀sà. Àwọn apẹja ní Tomaro àti àwọn erékùṣù Amúwo-Ọ̀dọ̀fin yòókù máa ń fa ọ̀rá jáde pẹ̀lú àwọ̀n, ọ̀rá a sì máa wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò. Oòrùn á sọ èyí tó kù di wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ á di ohun tí ojú kò rí mọ́, àmọ́ ike ṣì ni, ẹja sì ń gbé e mì.

Ilẹ̀ irú tiwa yìí ló bí òfin ọ̀rá àkọ́kọ́ tí odindi orílẹ̀-èdè kan ṣe. Ìkún omi 1988 àti ti 1998 bá Bangladesh jà gidigidi, wọ́n sì rí i pé ọ̀rá wà lára ohun tó di gọ́tà Dhaka pa. Ní 2002 wọ́n fòfin de ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀rá dínkù fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà wá, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ọ̀rá kò dúró. Ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ọdún 2024, ìjọba wọn ní láti tún bẹ̀rẹ̀ sí í mú òfin kan náà ṣẹ, ọdún 22 lẹ́yìn tí wọ́n ṣe é.

Ọ̀nà tí Èkó gbà dé ibi tó wà kò gùn. Ní 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Abuja fọwọ́ sí àbá òfin kan láti fòpin sí ọ̀rá ike, àmọ́ àbá náà kò di òfin. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kìíní ọdún 2024, kọmíṣọ́nnà fún àyíká àti omi ní ìpínlẹ̀ Èkó, Tòkunbọ̀ Wahab, kéde pé abọ́ fóòmù tí wọ́n ń di oúnjẹ sí àti àwọn ike àlò-ẹ̀ẹ̀kan-jù-nù di èèwọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ariwo ta, wọ́n sì fún àwọn tó ní ọjà nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ti fóòmù ló kọ́kọ́ múlẹ̀. Lẹ́yìn ọdún kan àbọ̀ ni ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, sítíróò, ife àti ṣíbí ike wá tẹ̀ lé e. Wọ́n yọ ìgò ike àti omi inú ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n ní àwọn tó ń ṣe é ni yóò máa ṣètò bí wọn yóò ṣe kó o padà. Mo gbà pé omi inú ọ̀rá kò ṣeé fòfin dè nígbà tí omi ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ ọ̀rá rẹ̀ wà nínú gọ́tà kan náà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí àtẹ aláta. Ọ̀rá ti di èènì tí oníbàárà kì í dúpẹ́ fún. Ẹni tó ra tòmátò, tàtàṣé àti àlùbọ́sà á gba ọ̀rá mẹ́ta, á tún ní, "Ẹ bá mi fi ńlá kan kó gbogbo ẹ̀ pọ̀." Owó ìyá ni wọ́n fi rà á, àmọ́ kò lè kà á mọ́ owó ọjà. Bó bá dá pinnu láti pa òfin mọ́, ọ̀rá tó nípọn á gbé owó rẹ̀ lọ, bó bá sì ní kí oníbàárà sanwó ọ̀rá, oníbàárà á ya sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyà ìgbọràn náà á jẹ òun nìkan. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá dé, tí wọ́n kó ìdì ọ̀rá rẹ̀ lọ, wọn kò tíì yanjú ohunkóhun: ẹni tó ń ta ọ̀rá lósùnwọ̀n ṣì ní ọ̀pọ̀ ìdì, ọ̀la ni ìyá á tún rà.

Ohun tó bá máa ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ kan gbogbo ọlọ́jà lọ́jọ́ kan náà. Ireland rí i ṣe lọ́nà tó rọrùn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, wọ́n fi owó orí sẹ́ǹtì 15 lé ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, oníbàárà ló sì ń san án níbi ìsanwó. Lílo ọ̀rá já wálẹ̀ ju 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. England gba ọ̀nà yẹn ní 2015 pẹ̀lú pẹ́ńsì márùn-ún, ó sọ ọ́ di mẹ́wàá ní 2021, àwọn ènìyàn wa tó ń nájà ní Peckham sì ti mọ́ àpò gbígbé láti ilé lára. Wọn kò yí ìwà padà nítorí pé wọ́n dáa jù wá lọ. Owó kékeré tó hàn sójú ló ṣe é.

Nítòsí wa, títì Àgbádárìgì tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac ló lọ sí Seme. Ní òdìkejì ẹnubodè, òfin tí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún 2017 fòfin de ọ̀rá ike tí kì í jẹrà, láti ṣíṣe é títí dé lílò ó. Kenya le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ẹni tó bá ń ṣe ọ̀rá tàbí tó ń kó o wọlé lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin jura tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù mẹ́rin owó ibẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú àwọn òfin méjèèjì ni pé wọ́n dárúkọ ẹni tó ń ṣe ọ̀rá.

Ní tiwa, ọ̀nà tí ọ̀rá ń gbà wá kò ṣòro láti tọ̀. Hóró ike ni ohun tí wọ́n fi ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ Indorama ní Eleme, ní ìpínlẹ̀ Rivers, ń ṣe irú hóró yìí, òmíràn sì ń gba èbúté wọlé. Èbúté Tin Can kò sì jìnnà sí Mile 2 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac. Hóró á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ní ẹ̀rọ, wọ́n á fẹ́ ẹ di ọ̀rá, ọ̀rá á dé ọ̀dọ̀ àwọn alágbàtà, lẹ́yìn náà ló tó fọ́n ká sórí àtẹ tí kò lóǹkà. Bí a bá fẹ́ ṣọ́ odò, orísun là ń lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀rá nínú ọjà Agboju dúró síbi tí ó ti pín sí ẹgbẹ̀rún ọ̀nà.

Ní ti ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀, ọjà gbígbẹ kọ́ ni ìṣòro. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, iṣu, búrẹ́dì, gàrí àti ẹ̀wà kò nílò ọ̀rá dúdú rárá. Àpò Bagco kan tó. Apẹ̀rẹ̀ àti agbọ̀n ni àwọn ìyá wa fi ń lọ sọ́jà, ewé eéran ni wọ́n sì fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín kí ọ̀rá tó gba ipò rẹ̀. Ẹja tútù, ẹran àti ata lílọ̀ ló le. Abọ́ onídèérí láti ilé ló dáa jù fún wọn, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, tó fẹ́ ra ẹja kó tó dé ilé, kò gbé abọ́ dání. Mo rò pé kí a gba ti gbígbẹ ná, kí a fi ti tútù sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí òfin tó bá fẹ́ mú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan á pàdánù gbogbo rẹ̀. Àpò aṣọ pàápàá, a gbọ́dọ̀ lò ó gan-an ni: ìwádìí tí àjọ àyíká ní England gbé jáde ní 2011 fi hàn pé a ní láti lo àpò òwú ju ìgbà 130 lọ kí ìpalára rẹ̀ lórí ojú ọjọ́ tó kéré sí ti ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lò lẹ́ẹ̀kan. Àpò mẹ́wàá tí wọ́n pín níbi ìgbéyàwó, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kò ran gọ́tà kankan lọ́wọ́.

India ti ṣe ohun kan tí Èkó lè mú lò láìpẹ́. Láti 2016, òfin ibẹ̀ ní kí wọ́n tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ọ̀rá, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ àti bí ó ṣe nípọn tó sára ọ̀rá kọ̀ọ̀kan. Máíkírọ́ọ̀nù 50 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e sí 75 ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, wọ́n sì gbé e sí 120 ní ìparí 2022. Wọn kò tíì ṣẹ́gun ọ̀rá, àmọ́ wọ́n ti fún un ní orúkọ. Bí irú òfin bẹ́ẹ̀ bá wà l'Ékòó, òṣìṣẹ́ LASEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, tó bá rí ọ̀rá tí kò ní orúkọ lára á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó lòdì, láìwọn ohunkóhun. Èyí tó bá ní orúkọ tí kò sì tó 40, á mọ ilé iṣẹ́ tí yóò tọ̀ lọ, ìyá aláta á sì máa bá ọjà rẹ̀ lọ.