Ọ̀dà Tí Ó Ta Sí Ọ̀pá Jáàkì Típà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹni tí ó ni típà, ẹni tí ń wà á, ẹni tí ń fín in lọ́dà, àti ọmọṣẹ́ tí ń wọ abẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mọ Bọ́ládé ní Òṣòdì mọ̀ pé ọkọ̀ kì í dá ní Agége Mótò Ròódù. Ibi tí ọkọ̀ bá sì pọ̀ sí, iṣẹ́ àtúnṣe kì í jìnnà síbẹ̀. Ká ní ẹnì kan gbé típà rẹ̀ lọ fún àwọn afínkùn nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé bọ́dì ẹ̀yìn sókè kí ọ̀dà lè dé abẹ́, wọ́n sì fín in títí ó fi ń dán. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí a fi ẹ̀rọ fín dà bí ìkùukùu, kì í dúró níbi tí a rán an. Ó ti ta sí ara ọ̀pá irin dídán tí ó gbé bọ́dì náà dúró. Ọlọ́kọ̀ rí i, ó ní kò burú. Ẹ̀yin ará, ó burú o.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí jáàkì náà ti ń ṣiṣẹ́. Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó gbé ayé láti 1623 títí di 1662, ni ó ṣàlàyé pé bí a bá tẹ nǹkan olómi tí a sé mọ́ inú ohun kan, ìtẹ̀ náà yóò dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ lọ́gbọọgba. Ní 1795, Joseph Bramah gba ìwé ẹ̀tọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí ẹ̀rọ tí ó ń lo ọgbọ́n yìí. Bí ojú irin tí ọ́ìlì ń tì bá tóbi ní ìlọ́po 10 ju ojú irin tí ó ń tẹ ọ́ìlì lọ, agbára tí yóò jáde yóò di ìlọ́po 10. Ìdí nìyí tí ọ́ìlì fi lè gbé odindi ẹrù yanrìn.

Ṣùgbọ́n gbogbo agbára yìí wà lọ́wọ́ òrùka rọ́bà kan tí ó fún mọ́ ọ̀pá náà, tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jáde. Síìlì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Kí síìlì má baà gé, ọ̀pá gbọ́dọ̀ máa dán bíi dígí. Nítorí náà ni a ṣe fi kúróòmù bo ọ̀pọ̀ nínú wọn, kúróòmù tí kì í sábà nípọn tó irun orí. Bí ọ̀pá bá gbé ọ̀dà gbígbẹ wọlé, ọ̀dà yóò máa họ síìlì títí yóò fi ya.

Ọ̀nà tí àwọn mìíràn ń gbà yọ ọ̀dà náà tún burú jù ú lọ. Wọn a mú sánpépà, ọ̀bẹ, tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Ọ̀dà á kúrò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kúróòmù ti gba ọgbẹ́. Omi yóò gba ibẹ̀ wọlé, irin yóò dípẹtà, síìlì tuntun tí a sáré lọ rà ní Ládípọ̀ kò sì ní pẹ́ gé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Ọ̀nà tí ó tọ́ nìyí. Kí a má ṣe sọ bọ́dì kalẹ̀ nígbà tí ọ̀dà ṣì wà lára ọ̀pá. Kí bọ́dì ṣófo, kí a fi òpó irin tí ó lè gbà á tì í dáadáa, kí a sì pa ẹ́ńjìnì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ bọ́dì tí jáàkì nìkan gbé dúró. Lẹ́yìn èyí, kí a rẹ àkísà mímọ́ sínú tínà díẹ̀, kí a fún un, kí a sì máa fi nu ọ̀pá. A kì í da tínà sí i lára, nítorí ó lè mú kí síìlì wú tàbí kí ó le. Bí ọ̀dà bá ti gbẹ, kí a fi àkísà náà wé e fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a wá fi pátákó pẹlẹbẹ tàbí ike tì í kúrò. Èyí tí a fi hádínà pò yóò gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níkẹyìn, kí a fi ọ́ìlì irú èyí tí jáàkì ń lò pa ọ̀pá náà. Kí a tún wo ihò tí táǹkì ọ́ìlì fi ń mí, bóyá ọ̀dà ti dí i.

Èéfín tínà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, iná sì ń tètè mú un. Kí a ṣe iṣẹ́ náà níta, kí a wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí. Bí ọ́ìlì bá sì ń jò, kí a má fi ọwọ́ wá ojú ibi tí ó ń jò. Ọ́ìlì tí a tẹ̀ gidigidi lè gún awọ ara bí abẹ́rẹ́. Bí ojú ọgbẹ́ náà tilẹ̀ kéré, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìwé àti téèpù tí a fi wé ọ̀pá kí a tó fín ọkọ̀ ìbá ti gbà wá lọ́wọ́ gbogbo wàhálà yìí. Bí ọkọ̀ bá dán, ojú ọlọ́kọ̀ ni ó dùn mọ́. Ṣùgbọ́n bí jáàkì bá já, orí ọmọ ẹlòmíràn ni bọ́dì yóò wó lé.