Kí Ni Ìtumọ̀ 45 Tí Oníbàárà Kọ Sínú Ìwé Kajú?

Ní àkókò kajú tó kọjá, a lọ sí ẹgbẹ́ kan ní agbègbè Obbo-Ilé láti yẹ ìwé ìṣirò wọn wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ wa. Owó àpò kajú 50 tí wọ́n tà kò pé lọ́wọ́ akápò. Oníbàárà tó wá láti Ìlọrin ti yọ nínú rẹ̀, ó sì kọ "45" sí ìsàlẹ̀ ìwé tó fún wọn. A bi akọ̀wé pé kí ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní òun rò pé nọ́ńbà ọkọ̀ ni. Ó sì ti buwọ́ lù ú. Inú owó ìfipamọ́ ẹgbẹ́ ni wọ́n ti san owó àwọn tó ṣa kajú náà. Nígbà tí owó ilé-ìwé dé, àwọn kan kò rí ẹ̀yáwó gbà.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣe àlàyé yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú kajú wa kì í dúró sí Nàìjíríà. Láti Obbo-Ilé, yóò gba Òsì àti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, yóò dé èbúté Èkó, ọkọ̀ òkun yóò sì gbé e lọ sí Vietnam tàbí Íńdíà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ èèpo rẹ̀, tí wọ́n ń bó awọ ara ọmọ inú rẹ̀, tí wọ́n ń ya odidi kúrò lára èyí tó fọ́, kí wọ́n tó tà á fún àwọn ará Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Ṣáínà. Ọmọ inú ni wọ́n ń rà, wọn kò ra èèpo. Nítorí náà wọ́n ń bèèrè pé: nínú àpò tó wọn 80 kílò, pọ́n-ùn mélòó ni ọmọ tó dára? 45 túmọ̀ sí pọ́n-ùn 45. Ìwé àdéhùn tí ẹgbẹ́ náà ti fọwọ́ sí sọ pé 48. (Bí wọ́n ṣe da kílò pọ̀ mọ́ pọ́n-ùn, àṣà àwọn oníṣòwò ni, kí ó má ṣe dà yín láàmú.)

Ẹgbẹ́ lè wá nọ́ńbà yìí fúnra rẹ̀. Ẹ bù díẹ̀díẹ̀ láti inú àpò púpọ̀, ẹ pò ó pọ̀, kí ẹ wọn kílò kan. Ẹ là á ní kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹ wọ ìbọ̀wọ́, nítorí epo inú èèpo a máa jó ni lára. Ẹ kó ọmọ tó dára sí apá kan, kí ẹ kó èyí tó lábàwọ́n díẹ̀ tàbí tí kò gbó tán sí apá kejì. Ẹ da èyí tó jẹrà tàbí tí kòkòrò ti jẹ nù. Ẹ wọn èyí tó dára, kí ẹ fi ìdajì ìwọ̀n apá kejì kún un. Iye giráàmù tí ẹ bá rí, ẹ fi 0.176 ṣe ìlọ́po rẹ̀. Giráàmù 272 yóò fún yín ní nǹkan bí 48. 255 yóò fún yín ní 45.

A tú àpò tó ṣẹ́kù nínú ilé ìkẹ́rù wọn wò. Àwọn kan ti já kajú lórí igi kí ó tó gbó, nítorí ìbẹ̀rù olè. A kò lè dá wọn lẹ́bi pátápátá: ẹni tí olè ti ṣa oko rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní fẹ́ dúró. Àwọn mìíràn ti rọ ọ́ ní tútù sínú àpò ọ̀rá, ó sì ti bu. Èyí tó bọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni kí a ṣà, kí a yọ kóró lára èso lọ́jọ́ náà gan-an, kí a sá a sí oòrùn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí omi ara rẹ̀ má ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Irú àpò tí a fi ń di kòkó ni kí a lò, kí a sì tò ó sórí pákó.

Àwọn baba wa mọ irú iṣẹ́ yìí. Láàárín 1920 sí 1930, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀ràn àgbẹ̀ kó àwọn olóko kòkó jọ ní ilẹ̀ Yorùbá, kí wọ́n lè máa bo kòkó wọn dáadáa, kí wọ́n sì máa tà á pọ̀. Òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dé ní 1935, nígbà tó sì di 1945 wọ́n dá Association of Nigerian Co-operative Exporters sílẹ̀. Ìjọba tú Bọ́ọ̀dù Kòkó ká ní 1986. Kajú ní tirẹ̀ kò ní bọ́ọ̀dù tó ń gbà á lọ́wọ́ wa. Bí ẹgbẹ́ kò bá yẹ ẹ́ wò, oníbàárà nìkan ni yóò yẹ ẹ́ wò.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ló dé tí a kò fọ́ ọ nílé. Ìbéèrè tó dára ni. Côte d'Ivoire, tó ń kórè kajú jù lọ láyé, ti ń kọ́ ilé-iṣẹ́ ìfọ́kajú. Ìjọba àpapọ̀ wa náà fi òfin de kíkó kóró òrí tí a kò tíì ṣe lọ sókè òkun fún oṣù mẹ́fà ní oṣù kẹjọ 2025. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan péré ni kajú fi ń so, ẹ̀rọ sì ń fẹ́ kajú ní gbogbo ọdún. Ẹni tó ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní owó tí yóò fi ra ti ọdún kan pamọ́. Ní tiwa, ẹgbẹ́ tí kò tíì lè kó àpò 50 tó gbẹ jọ kò tíì gbọdọ̀ yá owó ra ẹ̀rọ.

Kí àkókò mìíràn tó dé, kí akọ̀wé kọ̀ọ̀kan ní òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka giráàmù, kí ó sì kọ nọ́ńbà ẹgbẹ́ sínú ìwé kí oníbàárà tó dé. Akọ̀wé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ra tirẹ̀. Nígbà tí a padà débẹ̀, ó la kílò kan lójú wa nínú èyí tó ṣẹ́kù tí wọ́n ti ṣà tí wọ́n sì tún sá. Giráàmù 264 ni ó rí, èyí tó lé díẹ̀ ní 46. Ó yíjú sí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó jókòó, ó ní ta ló ni àpò kẹta.