Iná Ìgbẹ́: Ta Ni Ó Dá A, Kí Ni Ó Sì Gbẹ Sílẹ̀ Dè É?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá ti gbé Addo, ní ẹ̀bá Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn yóò mọ̀ pé òwe náà kò mọ sórí òrùlé nìkan. Àárín ọ̀sà àti òkun ni ilẹ̀ náà wà. Iyanrìn ni apá kan, àbàtà ni apá kejì. Nígbà òjò, ọ̀rọ̀ omi ni ó máa ń wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Ṣùgbọ́n bí oṣù Ọ̀pẹ bá wọlé, tí atẹ́gùn ọyẹ́ sì fẹ́ dé etí òkun, koríko orí ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́lé sí yóò pọ́n, yóò sì gbẹ. Ẹnìkan yóò ṣán ilẹ̀ tirẹ̀, yóò kó pàǹtí rẹ̀ jọ, yóò ṣáná sí i, yóò sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, màjàlà ti ń bà lé aṣọ tí àwọn aládùúgbò sá sórí okùn, èéfín ti gba ojú ọ̀nà, àwọn onílé sì ti ń sáré gbé korobá omi.

Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá kú tán, ìbéèrè kan ni ó máa ń gba ẹnu gbogbo ènìyàn: ta ni ó dá a? Káàkiri ilẹ̀ Yorùbá ni àríyànjiyàn yìí ti máa ń wáyé. Àgbẹ̀ yóò ní ọdẹ ni. Ọdẹ yóò ní darandaran tí ó ń wá koríko tútù fún màlúù ni. Darandaran yóò ní ẹni tí ó lọ fín oyin ni. Ẹni tí ó lọ fín oyin yóò ní ẹni tí ó ju àjókù sìgá sẹ́bàá ọ̀nà ni. Ẹjọ́ náà kì í tán bọ̀rọ̀, nítorí pé eérú kì í jẹ́rìí. Ìbéèrè mìíràn sì wà tí kì í sábà jáde: kí ni ó ti gbẹ sílẹ̀ de ẹni tí ó ṣáná? Igi ìṣáná kan kò lè jó igbó tútù. Nínú àṣà Yorùbá, ìbéèrè kejì yìí ni ó ṣáájú, nítorí òun ni ènìyàn lè wá nǹkan ṣe sí kí iná tó ràn.

Iná tí ó ní àsìkò

Yorùbá kò ka iná sí ọ̀tá. Iná ni àgbẹ̀ fi ń palẹ̀ oko. Yóò ṣán ìgbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, yóò sì sun ún kí àkọ́rọ̀ òjò tó dé. Eérú tí ó kù a máa ṣe ilẹ̀ lóore fún iṣu àti àgbàdo. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, bí àpẹẹrẹ ní Òkè-Ògùn, àwọn ọdẹ náà a máa dáná sun pápá, wọn a sì dúró níwájú iná de ọ̀yà àti òkété tí ó bá sá jáde.

Ṣùgbọ́n iná náà ní ìlànà. Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í sun oko láìsọ fún àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà. Yóò kọ́kọ́ ro etí oko yípo títí ilẹ̀ yóò fi hàn gbangba, kí iná tí ó bá dé ibẹ̀ má rí nǹkan jẹ. Yóò wo ojú atẹ́gùn; kì í ṣáná ní ọ̀sán gangan tí oòrùn mú, tí afẹ́fẹ́ sì ń jà. Àwọn ènìyàn yóò dúró yí oko ká pẹ̀lú ẹ̀ka igi tútù àti omi, wọn kò sì ní í kúrò níbẹ̀ títí kùkùté tí ó kẹ́yìn yóò fi dẹ́kun èéfín rírú. Bí iná bá sì fò sínú oko ẹlòmíràn, ẹni tí ó dá a ni yóò lọ bẹ̀bẹ̀, àwọn àgbà ni yóò sì jókòó dá ohun tí yóò san. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Kò yẹ kí a ṣe àsọdùn nípa ayé àtijọ́. Nígbà náà pẹ̀lú, iná ọdẹ a máa jó abà, iná oko a sì máa dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn aládùúgbò. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé iná ní olúwa. Àsìkò rẹ̀ hàn, àwọn tí wọ́n wà nídìí rẹ̀ hàn, ilẹ̀ tí ó yẹ kí ó jó náà sì hàn. Púpọ̀ nínú iná tí ó ń jó lóde òní kò ní baba, kò ní ìyá.

Ọdún tí kòkó jóná

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1982 sí 1983 jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà kò lè gbàgbé. Òjò ti kéré ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọyẹ́ le, ó sì pẹ́. Iná tí ó máa ń jó ọ̀dàn lọ́dọọdún wá wọ inú igbó tí kì í sábà dé. Ó wọ oko kòkó ní ìpínlẹ̀ Òndó àti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà. Lábẹ́ igi kòkó, ewé tí ó wọ́ sílẹ̀ a máa tẹ́ bí ẹní. Lọ́dún tí òjò bá dé lásìkò, yóò jẹrà díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún náà, ó gbẹ bí ìwé.

Oko kòkó tí ó jó kò dàbí oko àgbàdo tí ó jó. Bí àgbàdo ọdún yìí bá jó, a ó gbin ti ọdún tí ń bọ̀. Kòkó a máa gba ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so, lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa gbọ́ bùkátà ìdílé fún ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ilé-ìwé ọmọ, owó ìgbéyàwó, owó ìsìnkú bàbá: abẹ́ igi yẹn ni gbogbo rẹ̀ wà. Ẹni tí iná bá irú oko bẹ́ẹ̀ jà nígbà tí irun orí rẹ̀ ti funfun kì í sábà ní agbára láti tún un gbìn.

Ní Gánà, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1983, ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ kúrò ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ Gánà tí wọ́n padà sílé lé ní mílíọ̀nù kan, àpò tí ọ̀pọ̀ wọn sì di ẹrù sí ni a ń pè ní “Ghana Must Go” títí di òní. Ilẹ̀ tí ebi ti wà, tí oko sì ń jó lọ́wọ́, ni wọ́n padà bá. Kòkó tí Gánà kó jọ ní 1983 sí 1984 kò ju nǹkan bí 159,000 tọ́ọ̀nù lọ, bẹ́ẹ̀ ni ó ti kó ju 500,000 lọ ní 1964 sí 1965. Iná nìkan kọ́ ni ó fa ìfàsẹ́yìn náà. Owó tí àgbẹ̀ ń gbà ti kéré tipẹ́, ọ̀pọ̀ igi sì ti gbó. Ṣùgbọ́n iná ni ó wá jẹ lára èyí tí ó kù. Lọ́dún 1983 kan náà, ìjọba Gánà ṣe òfin lórí iná ìgbẹ́, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́dún 1990. Síbẹ̀, iná ṣì ń jó ìgbẹ́ níbẹ̀ lọ́dọọdún. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í ṣọ́ oko.

Ẹ̀rí Olókèméjì

Ǹjẹ́ ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa àsìkò iná ní ẹ̀rí? Ẹ̀rí wà ní Olókèméjì, igbó ọba tí ó wà láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó ọba ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ níbẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n ń sun ti àkọ́kọ́ ní oṣù Ẹrẹ̀nà, ìyẹn oṣù kẹta, nígbà tí gbogbo koríko ti gbẹ pátápátá. Wọ́n ń sun ìkejì ní oṣù Ọ̀pẹ, oṣù kejìlá, nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà lára koríko. Wọn kò jẹ́ kí iná kan ìkẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún 28, wọ́n yẹ ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní ìwé ní 1960. Ilẹ̀ tí a ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti di ọ̀dàn: koríko gbilẹ̀, ìwọ̀nba igi tí ó lè fara da iná ni ó kù. Ilẹ̀ tí a ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ní igi jù ú lọ. Èyí tí iná kò kàn ti di igbó tí orí igi rẹ̀ pàdé lókè.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú èyí. Ní ilẹ̀ ọ̀dàn, iná ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn kì í le tó ti ìparí rẹ̀. Ẹni tí ó bá sun etí pápá ní oṣù Ọ̀pẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu iná Ẹrẹ̀nà. Ní ilẹ̀ igbó, ibòji ni panápaná àkọ́kọ́. Níbi tí ibòji bá wà, ilẹ̀ a máa tutù, koríko kì í sì í rí àyè hù. Bí a bá gé igi ńlá, oòrùn yóò wọlé. Koríko yóò tẹ̀lé oòrùn, iná yóò sì tẹ̀lé koríko.

Ewé kan wà tí ó mú ọ̀ràn yìí le sí i. Àwọn kan ń pè é ní Akíntọ́lá, àwọn mìíràn ń pè é ní Awólọ́wọ̀, nípa orúkọ àwọn olóṣèlú méjì tí ìjà wọn mi Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewé náà ti ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá èso igi Gmelina wọ Nàìjíríà láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ó ní oore tirẹ̀, nítorí a máa ń fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ilẹ̀ tí ó bá sì bò a máa lọ́ràá. Ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, igi rẹ̀ a gbẹ gan-an, iná rẹ̀ a sì máa le. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, oko tí a pa tì àti etí igbó tí a gé igi rẹ̀ ni ó fẹ́ràn jù. Bí iná bá bọ́ sínú rẹ̀, ó ti rí ọ̀nà wọ inú oko kòkó nìyẹn.

Iṣẹ́ tí ó kù

Ohun kan náà ni ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ará ìlú kan tí ó ń jẹ́ Paradise, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Bélú, ọdún 2018, wáyà iná mànàmáná ta pàrà sínú koríko. Ènìyàn 85 ni ó kú. Ilé tí ó jó lé ní 18,000. A mọ ohun tí ó dá iná náà, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òjò ti pẹ́ kí ó tó rọ̀ lọ́dún náà, igbó gbẹ, afẹ́fẹ́ sì le. Wáyà kan náà lè já lọ́dún tí ilẹ̀ tutù, kí èéfín díẹ̀ rú, kí ó sì parí síbẹ̀.

Addo kò jìnnà sí ẹ̀kọ́ yìí. Oko ibẹ̀ ti ń di ilé, láti Ajah títí dé Badore. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ lè máa gbé ní ìlú mìíràn. Kò mọ ẹni tí ó bá a pààlà, kò sì sí ẹni tí yóò rán níṣẹ́ pé òun fẹ́ sun pàǹtí. Ibẹ̀ gan-an ni àṣà ti já. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ lóko, baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ onílé ni ó yẹ kí ó gbà á ṣe nísinsìnyí. Kí wọ́n rí i pé a ṣán koríko orí ilẹ̀ òfìfo ní oṣù Bélú, nígbà tí ó ṣì tutù, kí a sì kó o kúrò láìdáná sun ún. Kí a ro ilẹ̀ ẹ̀yìn ọgbà gbangba. Ẹni tí ọ̀ràn bá sọ di dandan fún láti dáná, kí ó kéde rẹ̀, kí ó má ṣe dá a ní òun nìkan, kí ó má sì fi í sílẹ̀ láìkú. Bí agbára iná bá sì ju ti aládùúgbò lọ, nọ́ńbà 767 àti 112 ni a fi ń ké sí àwọn panápaná ní Ìpínlẹ̀ Èkó.

Iṣẹ́ wà fún àwọn olùkọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ pé iná ìgbẹ́ burú, ṣùgbọ́n wọn kò mọ bí bàbá bàbá wọn ṣe ń dá a, tí oko kejì kì í fi í jó. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ń dínkù. Bí ọmọ ilé-ìwé kan bá bi àgbàlagbà kan léèrè nípa rẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ó ti gba nǹkan kan sílẹ̀ lọ́wọ́ ìgbàgbé.

Ẹjọ́ ẹni tí ó dá iná yóò máa wà, ó sì yẹ kí a máa dá a. Ṣùgbọ́n koríko kì í dúró de ìdájọ́ kí ó tó gbẹ. Igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.