Ta Ni Ọ̀gá ní Houston: Ọlájùwọ́n Tiwa ni àbí Hayes?

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láàárín àwọn ọmọ wa tó fẹ́ràn básíkẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n lókè: nínú gbogbo àwọn tó ti gbá a fún Yunifásítì Houston ní Amẹ́ríkà, ta ni ọ̀gá pátápátá? Bí ẹ bá bi ọmọ Yorùbá mẹ́wàá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án ní Hakeem Ọlájùwọ́n ni. Wọn ò tilẹ̀ ní jẹ́ kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ tán. Ṣebí orúkọ ẹ̀ gan-an ti parí ẹjọ́: ọlá tiẹ̀ jù wọ́n!

Ẹ fara balẹ̀ ná. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ń tajà mọ̀ pé òṣùwọ̀n ló ń ṣíwájú iye owó. A kì í fi kọ́ńgò kékeré wọn gààrí fún àlejò, ká wá fi ńlá wọn fún ọmọ ìyá wa. Kí la fẹ́ fi wọn àwọn ọkùnrin yìí?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé Elvin Hayes wò. Òun àti Don Chaney ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́ yẹn. Ọdún mẹ́ta péré ló fi wà nínú ẹgbẹ́ àgbà, títí di 1968, ó sì jẹ pọ́ìntì 2,884. Otis Birdsong tó dé lẹ́yìn rẹ̀ lo ọdún mẹ́rin, 1973 sí 1977, 2,832 lòun jẹ. Ní ọjọ́ 20, oṣù January, 1968, èrò 52,693 ló kún inú Astrodome láti wo Houston àti UCLA. Ìdíje 47 ni UCLA ti gbá léraléra tí ẹnikẹ́ni ò nà wọ́n. Hayes nìkan jẹ pọ́ìntì 39, Houston sì fi 71 sí 69 borí. Àmọ́ ká má purọ́, UCLA gbẹ̀san lóṣù March ọdún yẹn kan náà: 101 sí 69. Pọ́ìntì 10 péré ni Hayes jẹ lọ́jọ́ náà.

Ó wá kan Hakeem. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963. Aṣọ́lé ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ó tún ń gbá bọ́ọ̀lù afọwọ́gbá, kó tó wá mọ básíkẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ alẹ́. Ó dé Houston ní 1980, ọdún kan gbáko ló fi jókòó láìgbá ìdíje kankan. Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kó gbá a, pọ́ìntì tó ń jẹ nínú ìdíje kan kò pé 9. Nígbà ìsinmi, á lọ máa bá Moses Malone gbá a, ọ̀gá ńlá láàárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, bí ọmọ iṣẹ́ tó lọ jókòó ti ọ̀gá. Nígbà tó fi máa di 1984, kò sẹ́ni tó ń gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà tó o ní gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà: 13.5 nínú ìdíje kan. Bọ́ọ̀lù alátakò tó gbá dànù lókè fún ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ 454. Ní 1982, 1983 àti 1984, Houston wà nínú ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù kẹ́yìn. Ní 1983, North Carolina State fi 54 sí 52 nà wọ́n ní àṣekágbá, síbẹ̀ Hakeem ni wọ́n yàn pé ó gbá a jù.

Ẹlòmíì á ní, “Ife méjì tó gbà pẹ̀lú Rockets ní 1994 àti 1995 ńkọ́?” Ẹ̀yin apẹja, ẹ bá mi dá a lóhùn. Ẹja tí ọmọkùnrin pa lẹ́yìn tó kúrò nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ṣé inú ọkọ̀ bàbá la ó kà á sí? Ọkọ̀ mìíràn nìyẹn, jàre.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ ẹni tó lókìkí jù nínú àwọn tó jáde ní Houston lẹ ń bi mí, Ọlájùwọ́n ni, ó tán. Bọ́ọ̀lù 3,830 tó gbá dànù láàárín àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, ẹnikẹ́ni ò tíì kọjá ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, Hayes ni kìíní, Ọlájùwọ́n ìkejì, Clyde Drexler ìkẹta, Birdsong ìkẹrin. Nínú wọn, kò sẹ́ni tó gbé ife ńlá wálé. Ní 2025 pàápàá, Florida fi 65 sí 63 já a gbà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ó kàn wá gan-an. Bá a bá sọ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ pé Hakeem ti jẹ́ ọ̀gá látọjọ́ tó débẹ̀, torí pé tiwa ni, a ti fi ọdún tó jókòó pa mọ́ fún un. Ọmọ Ayétòrò tí òkun ń gba ilẹ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ nílò ìtàn òótọ́: ẹni tó pẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó jókòó, tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, tó sì ga. Ipò kejì kì í ṣe èébú.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Ẹ kọ lẹ́tà sí wa. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó to orúkọ, ẹ kọ́kọ́ sọ òṣùwọ̀n yín fún wa.