Mali, Burkina Faso àti Niger ti fi ECOWAS sílẹ̀: Báwo ló ṣe kan ọlọ́jà ní Abobo?

Ọjọ́ 29, oṣù Kínní, ọdún 2025, ni Mali, Burkina Faso àti Niger kúrò nínú àjọ ECOWAS, tí wọ́n bá àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn dá sílẹ̀ ní ìlú Èkó ní ọdún 1975. Àjọ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 15 tẹ́lẹ̀ wá ku 12.

Àríyànjiyàn lórí èrè àti àdánù ìgbésẹ̀ náà kò tíì tán. Ọ̀kan lára àwọn ibi tí a ti lè fi ojú ọlọ́jà wò ó ni Abobo, nílùú Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire.

Kí ló pa Abobo pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí?

Abobo wà ní àríwá Abidjan, níhà ibi tí ojú irin láti òkè gbà wọ ìlú. Ọdún 1904 ni ìjọba amúnisìn Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin náà, ó sì dé Ouagadougou ní ọdún 1954. Ibùdó rélùwéè ni àdúgbò Abobo-Gare ti gba orúkọ. Ètò ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn olùgbé Abobo lé ní mílíọ̀nù kan.

Àlùbọ́sà, màlúù àti àgùntàn ń ti òkè wá sí Abidjan. Obì àti ẹrù tó gba èbúté wọlé ń ti Abidjan lọ sókè. Àwọn ọmọ Yorùbá náà, pàápàá àwọn ará Èjìgbò ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ń ṣòwò ní Abidjan láti ìran dé ìran.

Kí ló fa ìyapa?

Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní Niger ní oṣù Keje, ọdún 2023, ECOWAS ti ẹnubodè mọ́ orílẹ̀-èdè náà, ó sì halẹ̀ pé òun lè lo agbára ológun. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, àwọn ìjọba ológun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ẹgbẹ́ AES sílẹ̀. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kínní, ọdún 2024, wọ́n kéde pé àwọn ti jáde lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àdéhùn ECOWAS ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ kọ́kọ́ fún àjọ náà ní àkíyèsí ọdún kan.

Àwọn tó fara mọ́ ìjáde náà ní kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kan wà nínú àjọ tó lè ti ẹnubodè mọ́ ọn. Wọ́n ń rántí oṣù Kínní sí oṣù Keje ọdún 2022, nígbà tí ECOWAS fi irú ìyà bẹ́ẹ̀ jẹ Mali. Àwọn alátakò ní kò sí èyí tó ní etíkun nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àti pé èbúté Abidjan, Lomé, Cotonou àti Dakar ni ẹrù wọn ń gbà. Wọ́n ní ẹni tí kò ní òkun kò lè ṣe kó má bá aládùúgbò rẹ̀ dọ́gba ọ̀rọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí ni pé àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà kò kúrò nínú UEMOA, ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná owó CFA, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní sẹ̀fá. Côte d'Ivoire, Benin, Tógò àti Senegal náà wà níbẹ̀. Àdéhùn UEMOA fàyè gba kí irè oko àti ọjà tí wọ́n ṣe nínú ẹgbẹ́ náà kọjá láìsan owó bodè. Nítorí náà, ọmọ Côte d'Ivoire tó ń ta ọjà sí Bobo-Dioulasso ṣì ní ìlẹ̀kùn kejì.

Nàìjíríà àti Ghana kò sí nínú UEMOA. Bí ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣòwò ní Abobo bá kó ọjà tí wọ́n ṣe ní Èkó lọ sí Bamako, àdéhùn ECOWAS ló ń dáàbò bò ó tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ìyapa náà fi lè wúwo lórí rẹ̀ ju ti aládùúgbò rẹ̀ lọ.

Ẹ̀tọ́ ni àbí ojúrere?

Láti ọdún 1979 ni àdéhùn ECOWAS ti fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè ara wọn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2024, AES kéde pé àwọn kò ní béèrè físà lọ́wọ́ ọmọ ECOWAS. ECOWAS náà ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àti ọjà àwọn tó lọ wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀, títí di ìgbà tí àṣẹ mìíràn yóò fi jáde.

Ìkéde ni ìwọ̀nyí; ẹni tó ṣe ìkéde lè yí i padà. Ní oṣù Kẹta, ọdún 2025, AES kéde owó ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó bá ti òde orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá. Lórí ẹrù mílíọ̀nù kan sẹ̀fá, ìyẹn jẹ́ 5,000 sẹ̀fá. Owó náà lè má pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé òfin ọ̀nà lè yí padà láàárín oṣù méjì.

Wíwà nínú UEMOA pàápàá kò tó láti fi ọkàn balẹ̀. ECOWAS mú ìyà Niger kúrò ní oṣù Kejì, ọdún 2024, síbẹ̀ Niger kò ṣí ẹnubodè rẹ̀ pẹ̀lú Benin ní Malanville, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ wà nínú UEMOA.

Ẹ̀kọ́ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ọdún 2016 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò láti kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù. Ọdún 2020 ni ó jáde, ó sì bá àjọ náà ṣe àdéhùn kí wọ́n má ṣe gba owó bodè lórí ọjà ara wọn. Síbẹ̀, oníṣòwò tó ń kó ọjà kọjá ní láti kọ ìwé ẹ̀rí ibi tí wọ́n ti ṣe é, kí ó sì dúró de àyẹ̀wò. Ilé iṣẹ́ ńlá lè gba akọ̀wé fún èyí. Oníṣòwò kékeré ni ó ń ni lára jù.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún ọlọ́jà Abobo. Ohun tó yẹ kí ìjíròrò ECOWAS àti AES sọ di àdéhùn kíkọ ni ìwé tí aṣọ́bodè lè béèrè, iye tí ó lè gbà, àti àkíyèsí tí ìjọba gbọ́dọ̀ fún aráàlú kí ó tó ti ọ̀nà. Láìsí èyí, ẹni tó kó ẹrù kúrò ní Abobo lónìí kò lè mọ òfin tí yóò bá ní ẹnubodè.