Bí A Ṣe Lè Rán Ẹ̀wù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ìyá aránṣọ kan ní Ìdí-Àràbà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀ lónìí. Àwọn òṣèré kan bẹ̀ ẹ́ pé kí ó rán ẹ̀wù tí ọkùnrin Ọ̀yọ́ lè wọ̀ ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ó ra aṣọ tí ó dára lọ́jà, ó gé e, ó rán an, iṣẹ́ náà sì mọ́. Àgbàlagbà kan wò ó títí, ó ní, 'Ọmọ mi, ẹ̀wù yìí dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti àwọn baba wa.' Kí ni bàbá yìí rí?

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn aránṣọ wà tí ó jẹ́ pé irú aṣọ tí a wọ̀ ní 600 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ń rán. Wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wò. Ní 1921, Poul Nørlund, awalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ ìsìnkú àtijọ́ ní Herjolfsnes ní Greenland. Ilẹ̀ dídì ti pa aṣọ tí a fi sin àwọn òkú ibẹ̀ mọ́. Nítòsí wa, ní Mali, inú ihò àpáta Bandiagara gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rí aṣọ àwọn Tellem láti ọ̀rúndún kọkànlá níbẹ̀. Ní tiwa, ọ̀rinrin àti ikán kì í jẹ́ kí aṣọ pẹ́ nínú ilẹ̀. Ẹ̀wù méjì tí ó ti Allada wá, ní ilẹ̀ Benin òde òní, Ulm ní Jámánì ni wọ́n wà. Ìwé àkójọ Christoph Weickmann ti dárúkọ wọn ní 1659. Ẹ̀rí tiwa kò sí nínú ilẹ̀. Ọwọ́ ahunṣọ àti ẹnu àgbà ni ó wà.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí òfì. Aṣọ tí àwọn ọkùnrin ń hun lórí òfì kò fẹ̀. Ìbú rẹ̀ a máa tó nǹkan bí íǹṣì 4. A ó gé e ní ọ̀já-ọ̀já, a ó sì rán etí ọ̀kan mọ́ etí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe rán aṣọ àwọn Tellem. Nítorí náà, kíkà ni ó ń ṣáájú àlùmọ́gàjí: ọ̀já mélòó ni àyà yóò gbà, mélòó ni apá yóò gbà? Ojú ìrán tí ó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó ń fún ẹ̀wù ní ìwúwo, tí ó sì ń jẹ́ kí ó balẹ̀ lára ẹni. Aṣọ ẹ̀rọ fẹ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jọ ti òfì, ojú ìrán wọ̀nyẹn kò sí lára rẹ̀. Ohun tí bàbá yẹn rí nìyẹn.

Ẹ̀rí kejì ni ọ̀rọ̀. Bí a bá pe aṣọ ní ẹtù, ẹyẹ ẹtù ni a rántí: aró dúdú tí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́ wà lára rẹ̀. Fọ́nrán kòkòrò inú igbó ni sányán, àwọ̀ rẹ̀ rẹ́súrẹ́sú. Orúkọ àlàárì bá èyí tí àwọn Haúsá àti Lárúbáwá ń pe ṣẹ́dà tan, nítorí ṣẹ́dà pupa tí ó gba aṣálẹ̀ Sàhárà wá ni a fi ń hun ún láyé àtijọ́. Ìwé Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921 kan náà, ya sùlíyà, tí ó funfun tí ó sì fúyẹ́, sọ́tọ̀ kúrò lára agbádá, tí ó tóbi jù ú lọ tí a sì ń fi aṣọ aláwọ̀ rán. Bí aránṣọ bá ń pe méjèèjì ní agbádá, ẹ̀wù méjì ti di ẹyọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, èkejì sì ti kú.

Orúkọ Ìdí-Àràbà fúnra rẹ̀ tó ọgbọ́n. Èso àràbà a máa yọ òwú funfun, ṣùgbọ́n òwú náà ń yọ̀, kò ṣe é ran. Inú ìrọ̀rí ni a ń kì í sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ohun tí ó jọ ti àtijọ́ ni ó jẹ́ ti àtijọ́. Ìyá aránṣọ wa ti ránṣẹ́ sí ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni ìwé aránṣọ. Kí ẹ tó sun ẹ̀wù bàbá yín tí ó ti gbó, ẹ ka ọ̀já rẹ̀, ẹ bi ìyá àgbà léèrè orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ilẹ̀ wa kò ní bá wa pa á mọ́. Ó dìgbà o.